Àpilẹ̀kọ Tó Parí àti Àpilẹ̀kọ Tó Pé

Mo ṣèlérí níjọ́sí pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni mo máa tẹ̀síwájú lé lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Àlejò kan ló yí mi lérò padà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí òjò dá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì wá kí mi nílé ní Ìgàndò níbí. Ẹ̀gbẹ́dá ló ń gbé, olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti bímọ mẹ́ta. Ó gbé báàgì ńlá kan dání. Mo rò pé iṣu ló wà nínú rẹ̀. Ìwé ni. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 ojú-ewé, tó fi okùn dì. Tíísíìsì rẹ̀ ni, àpilẹ̀kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ọdún kẹjọ rèé tó ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀ka-èdè Àwórì ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: kí Alímọ̀ṣọ́ tó di ibi tí gbogbo ayé ń kó wá, ilẹ̀ Àwórì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ìdílé Àwórì ṣì wà ní Ìgàndò, ní Ìkòtún, ní Ìsẹ̀rí, àmọ́ Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ nínú ọkọ̀ ni àwọn ọmọ wọn náà ń sọ. Abẹ́nà ìmọ̀ méje ni ọmọ yìí ní. Gbogbo wọn ló ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Méjì ti kú.

"Bàbá," ó ní, "ẹ bá mi wò ó. Kò tíì pé, sà. Orí kejì, ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa tíọ́rì, mo ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Tíọ́rì mìíràn tún ti dé. Ṣé kí n tún un kọ ni, àbí kí n kúkú fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀?"

Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe pé mi ò ní ìdáhùn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìdáhùn tó wà lẹ́nu mi, àbí ó kàn jẹ́ ìtùnú tí àgbàlagbà fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo wá kó àwọn iṣẹ́ kan sílẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wa ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo tún wọn kà bí ẹni tí wọ́n pè láti wá yẹ̀ wọ́n wò lónìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi kà wọ́n: kí ló ṣì wúlò níbẹ̀, kí ló sì ti kú?

Fádípẹ̀, 1939

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí ní 1893. Kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bíi tiwa. Ètò àwùjọ ló kọ́. Ní 1939, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lórí iṣẹ́ tó ṣe nípa àwùjọ àwọn Yorùbá. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún dáadáa nígbà náà, nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọjọ́ orí ti lọ, ẹ gbọ́ o.

Ní 1944, ọlọ́jọ́ dé. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn oyè. Iṣẹ́ náà kò tíì di ìwé tí a lè rà lọ́jà. Ọdún 1970 ni Ibadan University Press tó gbé e jáde pẹ̀lú orúkọ The Sociology of the Yoruba, lẹ́yìn tí Francis Olú Òkédìjí àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti tún un tò fún títẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọdún 31 lẹ́yìn oyè, ọdún 26 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n pè pé kí n wá yẹ iṣẹ́ yìí wò lónìí, mo máa ní ẹjọ́ púpọ̀ láti rò. Àkọ́kọ́, kò sí ìbéèrè kan pàtó tó ń lé kiri. Ọ̀rọ̀ ẹbí wà níbẹ̀, agboolé, ìgbéyàwó, iṣẹ́ àti òwò, ìjọba ìlú, òfin, ẹ̀sìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn tó àpilẹ̀kọ ọ̀mọ̀wé kan fúnra rẹ̀. Ìkejì, ó ń sọ "àwọn Yorùbá" bí ẹni pé aṣọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa wọ̀. Ará Èkìtì tó bá kà á máa dúró ní ibì kan pé, "Háà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwa." Alábòójútó òde òní máa dá a padà fún un pé kó lọ mú ìlú kan, kó mú àṣà kan, kó wá fi ojú kan náà wò ó.

Òótọ́ ni gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí. Síbẹ̀, mo kà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ ilé ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá ń sọ nípa ipò èèyàn nínú agboolé, ta ló jẹ́ àgbà fún ta, bí ìgbà tí ìyàwó wọlé ṣe ń sọ ipò rẹ̀ di èyí tí ọjọ́ orí kò lè yí padà, ẹ máa mọ̀ pé ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà wọ̀nyẹn rí ló ń kọ̀wé. Àwọn tó wá lẹ́yìn, tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹbí àti ọ̀rọ̀ obìnrin nílẹ̀ Yorùbá, kò lè ṣe kí wọ́n má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yálà kí wọ́n gbè é tàbí kí wọ́n bá a jà.

Ohun tó wá gún mi lọ́kàn nìyí. Ká ní Fádípẹ̀ sọ ní 1939 pé, "Kò tíì pé, ẹ jẹ́ kí n lọ ṣèwádìí sí i ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀bú, ní Ìlọrin," òótọ́ ló máa sọ. Kò pé lóòótọ́. Àmọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, ọdún márùn-ún ló sì kù fún un láyé. Nítorí pé ó fi àmì ìdánudúró síbẹ̀, tó gbé e kalẹ̀, tí yunifásítì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, ni àwọn mìíràn fi rí i gbé jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé tó wà nínú báàgì kò sẹ́ni tó lè bá a rí i.

Bámgbóṣé, 1963

Ó wá kan tilé wa, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ayọ̀ Bámgbóṣé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Edinburgh ní 1963, lórí gírámà Yorùbá. Cambridge University Press tẹ iṣẹ́ náà ní 1966, wọ́n pe orúkọ ìwé náà ní A Grammar of Yoruba. Ọdún kan náà yẹn ni ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá jáde ní Oxford, òun náà láti inú àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ ò rí i pé ọdún ńlá ni 1966 jẹ́ fún èdè wa, yàtọ̀ sí ohun mìíràn tí a fi ń rántí ọdún náà.

Tíọ́rì tí Bámgbóṣé lò ni ti M. A. K. Halliday, èyí tí Halliday gbé jáde nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1961. Tuntun ni, ó ń ta sánsán nígbà yẹn. Gbogbo gírámà ni wọ́n ń pín sí ìpele: gbólóhùn, awẹ́ gbólóhùn, àpólà, ọ̀rọ̀, mọ́fíìmù. Ẹ lọ bi akẹ́kọ̀ọ́ òde òní pé kó fi tíọ́rì Halliday ti 1961 ṣàlàyé gbólóhùn kan fún yín. Kò ní lè ṣe é, ẹ má sì bá a wí. Chomsky gbé ìwé ńlá tirẹ̀ jáde ní 1965, kí ìwé Bámgbóṣé tó kúrò ní ilé ìtẹ̀wé pàápàá. Tó bá jẹ́ pé tíọ́rì ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà, à bá ti sin ín tipẹ́.

Àmọ́ ẹ tẹ̀ lé mi dé ibùdókọ̀ Ìkòtún. Ọkọ̀ Ìyànà Ìpájà ń kérò, èèyàn ń wọlé, títí kò fi sí àyè mọ́. Lórí ìwé, a máa kọ ọ́ pé "Ọkọ̀ kún." Ẹ wá fetí sí ohun tó jáde lẹ́nu kọ̀ńdọ́kítọ̀: "Ọkọ̀ọ́ kún!" Níbo ni ohùn òkè tó wà láàárín yẹn ti wá? Kò sí nínú "ọkọ̀" tá a bá dá a pè, kò sì sí níwájú "kún." Ẹ wá sọ òdìkejì rẹ̀: "Ọkọ̀ kò kún." Ohùn òkè ti sá lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Ìkòtún mọ ìgbà tó yẹ kó lò ó àti ìgbà tí kò yẹ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ohùn òkè kékeré yìí wà lára ohun tí Bámgbóṣé gbé síwájú wa nínú iṣẹ́ náà. Ó ní oríta tí olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ti pàdé ló ń fi hàn. Àwọn kan ní rárá o, arọ́pò-orúkọ tó ń bá olùwà ṣe déédéé ni. Àwọn mìíràn ní àmì àsìkò ni. Iyàn yẹn ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí ní 1966 sì ti fi gba oyè ọ̀mọ̀wé tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń tẹ̀ léra, bí "ó mú ìwé wá." Ọládélé Awóbùlúyì, tó gba oyè tirẹ̀ ní Columbia ní 1967, kò gbà pẹ̀lú Bámgbóṣé lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ó sì sọ ọ́ kedere nínú ìwé tirẹ̀ ní 1978, Essentials of Yoruba Grammar. Àwa tí a wà láàárín wọn la jèrè ìjà náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé tíọ́rì kò wúlò. Àdá ni tíọ́rì. Ẹni tó wọ oko láìmú àdá kò ní rí nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Halliday ń béèrè lọ́wọ́ Bámgbóṣé ní gbogbo ìgbà pé: kí ni iṣẹ́ ègé yìí, ipò wo ló wà, ìsọ̀rí wo ló ti wá? Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kó rí ohun tí àwọn tó kọ gírámà ṣáájú rẹ̀ gbójú fò. Àṣìṣe tiwa ni pé a ń lo ọdún mẹ́rin láti máa pọ́n àdá, a ò sì tíì ro ebè kan.

Ohun tí mo ní lòdì sí iṣẹ́ 1963 yẹn ni pé olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kò lè kà á kó yé e, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló nílò rẹ̀ jù. Bámgbóṣé fúnra rẹ̀ mọ èyí. Ní 1967 ló ti ṣe gírámà kékeré kan jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1984, ó ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, tí ó fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní èdè wa, Awóbùlúyì sì ṣe apá kejì ní 1990. Ọdún 1990 kan náà ni ìwé Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá ti Bámgbóṣé jáde, ní Yorùbá, láti òkè délẹ̀. Ọdún 27 lẹ́yìn oyè nìyẹn. Awóbùlúyì náà ṣe Ẹ̀kọ́ Gírámà Èdè Yorùbá tirẹ̀ ní 2013. Lójú tèmi, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Edinburgh àti Columbia padà délé.

Adétugbọ̀, 1967

Ìkẹta ló kan ọmọ tó wá kí mi jù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè ni. Abíọ́dún Adétugbọ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia ní 1967, lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Òun ló pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta tí gbogbo yín kọ́ ní kíláàsì mi: Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, àti Ààrin. Kì í ṣe ojú lásán ló fi pín wọn. Ó wo ìró, ó wo gírámà. Ará Ọ̀yọ́ ń pe "owó," ará Òndó ń pe "eghó." Ará Ọ̀yọ́ fi ìyàtọ̀ sáàárín "ẹ lọ" àti "wọ́n lọ." Lọ́pọ̀ ibi ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, arọ́pò-orúkọ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ló tò jọ títí tí ààlà fi hàn.

Ẹ̀dà tí èmi kà nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ìwé tó lẹ́yìn dídán tí wọ́n ń tà. Fọ́tòkọ́pì àpilẹ̀kọ náà gan-an ni, tí lẹ́tà tàípù rẹ̀ ti ń parẹ́, tí ẹni tó kà á ṣáájú mi ti fi bírò fa ìlà sí. Àwa la ń pín in kà láàárín ara wa. Ó tún kọ orí kan nínú ìwé tí Ṣàbúrì Bíòbákú ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1973 lórí orísun ìtàn Yorùbá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn onítàn ti pàdé ìpín mẹ́ta yẹn.

Ṣé ó pé? Kò pé rárá. Àwòrán ilẹ̀ tó bá fẹ̀ tó yẹn, ibi kéékèèké á máa jò lára rẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ fi ìsọ̀rí kún un, wọ́n gbé ìlú kan kúrò níhìn-ín sọ́hùn-ún. Àwọn Yorùbá tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń kọ́? Wọn ò sí nínú àkòrí rẹ̀. Àwórì tiwa níbí ń kọ́? Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìyá arúgbó ní Ìkòtún ṣe ń sọ̀rọ̀ kò lè rí i nínú iṣẹ́ tó ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lójú. Ó nílò ẹni tó máa jókòó ti ìyá náà.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àlàfo tó wà nínú iṣẹ́ Adétugbọ̀ ni àyè tí ọmọ mi yìí dúró sí. Ká ní Adétugbọ̀ dúró títí tí yóò fi kárí gbogbo abúlé, ìpín mẹ́ta kò ní sí, ààlà kò ní sí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àlàfo wà.

Àbùkù méjì tó yàtọ̀ síra

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnì kan nínú yín: "Bàbá, ṣé ẹ ń sọ pé ká máa ṣe iṣẹ́ játijàti ni?" Rárá o. Oríṣi àbùkù méjì ló wà, a ò sì gbọ́dọ̀ pè wọ́n ní orúkọ kan náà.

Èkíní ni àbùkù ààlà. Ìlú tí o kò dé, ìbéèrè tí o kò dáhùn, tíọ́rì tó ti gbó. Bí o bá sọ ọ́ síta nínú orí kìíní pé ibi tí mo dé rèé, ibi tí mi ò dé rèé, kò sẹ́ni tó lè fi mú ọ. Fádípẹ̀ ní irú àbùkù yìí, Bámgbóṣé ní in, Adétugbọ̀ ní in.

Èkejì ni àbùkù èké. Kí èèyàn jókòó sínú yàrá kó máa fúnra rẹ̀ hùmọ̀ ọ̀rọ̀ tó ní abẹ́nà ìmọ̀ sọ. Kó kó iṣẹ́ oníṣẹ́ kó pè é ní tirẹ̀. Kó fún àwọn tó ń lẹ pátákó mọ́ ògiri lójú ọ̀nà lówó, àwọn tó ń kọ́ ọ síta gbangba pé àwọn ń bá èèyàn kọ prójẹ́ẹ̀tì àti tíísíìsì, kó wá lọ gba oyè pẹ̀lú rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pé o! Ó lè dán, kí orí márààrún rẹ̀ gún régé. Àmọ́ bí ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la bá gbé ilé lé e, ilé náà máa wó. Mo ti yẹ iṣẹ́ méjì bẹ́ẹ̀ wò nígbà ayé iṣẹ́ mi. Nínú ọ̀kan, àwọn abẹ́nà ìmọ̀ láti ìlú mẹ́ta ń sọ gbólóhùn kan náà láìyẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe àmì ohùn kan náà. Ohun tó jẹ́ ká mọ̀ ni pé iṣẹ́ náà pé jù.

Wande Abímbọ́lá fi ọ̀nà tó tọ́ hàn wá lórí èyí. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó, lórí ẹsẹ Ifá. Kí àpilẹ̀kọ yẹn tó parí, ó ti gbé ẹsẹ Ifá fúnra rẹ̀ jáde ní Yorùbá, nínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá, apá kìíní ní 1968, apá kejì ní 1969. Ẹni tí kò bá gba àlàyé Abímbọ́lá gbọ́ lè ṣí ẹsẹ náà, kó ṣe àlàyé tirẹ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà kò gbọ́dọ̀ há sábẹ́ àlàyé tiwa.

Ẹ̀bi tèmi

Kí n má dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan lẹ́bi. Àwa alábòójútó náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti gba orí kẹta lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ rí, mo fi í sábẹ́ tábìlì fún oṣù méje. Nígbà tó wá béèrè, mo ní kó lọ fi tíọ́rì kún un. Mi ò tíì kà á. Tíọ́rì ni ohun tó máa ń yá wa lẹ́nu láti sọ nígbà tí a ò bá tíì ka iṣẹ́. Bí ẹni náà bá ń ka èyí, jọ̀ọ́, foríjì mí.

Iṣẹ́ tèmi ń kọ́? Mo gbé e lé tíọ́rì tí Chomsky gbé jáde ní 1981. Nígbà tó fi máa di 1995, Chomsky fúnra rẹ̀ ti kó kúrò nínú ilé yẹn, ó ti lọ kọ́ òmíràn. Mo sun ẹkún díẹ̀. Láti ìgbà náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá yá àpilẹ̀kọ mi, ẹ̀yìn ló máa ń ṣí, ibi àfikún, níbi tí mo kó gbólóhùn tí àwọn àgbà sọ sí, pẹ̀lú àmì ohùn. Orí tíọ́rì tó jẹ mí ní ọdún méjì, ojú-ewé rẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìdáhùn

Ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán báyìí, 300 ojú-ewé. Ohun tí mo rí nìyí.

Orí kejì rẹ gùn ju gbogbo orí yòókù lọ, òun ni mo sì fẹ́ràn kéré jù. Gé e. Ojú-ewé mẹ́wàá ti tó. Sọ àdá tí o mú, sọ ìdí tí o fi mú un, kí o wọ oko. Má tún un kọ lẹ́ẹ̀karùn-ún.

Orí kẹrin, níbi tí o ti fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà méje wé ti àwọn ọmọ-ọmọ wọn, ni iṣẹ́ rẹ wà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ń gbé Ìgàndò yìí ó ti lé ní ogún ọdún, mi ò mọ̀ pé ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ fún mi ní òfin bẹ́ẹ̀. O ní abúlé méjì kan wà tí o kò rí ọ̀nà dé. Kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á lọ.

Ohun tí o gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn méjèèjì tó ti kú, má fi ìlà mẹ́ta-mẹ́ta bù ú sínú àlàyé bí iyọ̀. Kó gbogbo rẹ̀ sí àfikún, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú àmì ohùn. Fi ẹ̀dà ohùn náà sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn márùn-ún tó kù, àdúrà wa ni pé kí wọ́n pẹ́ fún wa, àmọ́ ìwọ náà mọ iye ọdún wọn. O fẹ́ kí wọ́n wà láyé lọ́jọ́ tí o máa gbé ìwé náà wá hàn wọ́n. Nítorí èyí ni mo ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í ṣe nítorí kí wọ́n lè máa pè ọ́ ní Ọ̀mọ̀wé níbi ìnáwó.

Lẹ́yìn tí o bá gba oyè tán, ìgbà kan á wà tí o máa jókòó kọ ọ́ ní Yorùbá, ìwé pẹlẹbẹ kan tí àwọn ìdílé tó gbà ọ́ lálejò lè kà. Mi ò ní kó jẹ́ ọdún 27 o.

Ẹ̀yin yòókù mọ ìtàn tí wọ́n fi ń ṣàlàyé orúkọ Àwórì: Ọlọ́fin gbé àwo sórí omi láti òkè odò, ó ń tẹ̀ lé e, títí àwo fi rì ní Ìsẹ̀rí, wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mí, mi ò ní fi ìtàn ṣe ẹ̀rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Àmọ́ mo sọ ọ́ fún ọmọ náà lórí fóònù lánàá, pé níbi tí àwo bá rì sí ni èèyàn ń kọ́lé sí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á gé orí kejì lálẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n bá mú iná wá. Láàárọ̀ òní, ó fi ránṣẹ́ sí mi: ojú-ewé méjìlá. Mo ní kó yọ méjì sí i.

Ẹ̀yin tí àpilẹ̀kọ tiyín ṣì wà nínú báàgì, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ sọ orí tí ẹ dé fún mi, ẹ sì sọ iye abẹ́nà ìmọ̀ yín tó ṣì wà láyé.